Ìwé Ìbò Kan Náà, Olùborí Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń Ka Ìbò Onípò

Ká ní 100 èèyàn fẹ́ yan olórí wọn, tí àwọn mẹ́ta sì ń du ipò náà: A, B àti D. Wọn ò ní kí olùdìbò tẹ̀ka fún ẹyọ ẹnì kan. Wọ́n ní kó to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe wù ú sí: kó kọ 1 síwájú ẹni tó fẹ́ jù, 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, 3 síwájú ẹni tó gbẹ̀yìn lójú rẹ̀. Ìbò onípò nìyẹn. Wọ́n tú àpótí, ohun tí wọ́n sì bá nínú rẹ̀ rèé:

Èèyàn 40 kọ A, D, B.
Èèyàn 35 kọ B, D, A.
Èèyàn 17 kọ D, B, A.
Èèyàn 8 kọ D, A, B.

Ta ló wọlé? Ẹni tó bá ní A ni, kò purọ́. Ẹni tó bá ní B ni, kò purọ́. Ẹni tó bá ní D ni, òun náà kò purọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jókòó sídìí tábìlì kan, kí wọ́n ka ìwé kan náà láìṣe èrú, kí oníkálukú sì dìde pẹ̀lú olùborí tirẹ̀. Òfin tí wọ́n fi kà á ló yàtọ̀.

Mo ti bá ẹgbẹ́ bíi mélòó kan ka irú ìbò yìí. Ìjà tí mo rí níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ìjà ojoro. Ohun tó ń dá a sílẹ̀ ni pé wọ́n ṣí àpótí kí wọ́n tó fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa kà á. Bí a ṣe ń kà á láìjà ni mo fẹ́ fi hàn yín, mo sì máa lo ìbò 100 yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ lè fi bírò tẹ̀ lé mi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ òfin kíkà sílẹ̀ kí àpótí tó ṣí

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yìí, kí gbogbo olùdíje sì fọwọ́ sí i. Ọ̀nà wo la máa fi kà á? Bí ẹnì kan bá kọ 1 tí kò kọ 2 àti 3, ṣé ìbò rẹ̀ wúlò? Bó bá kọ 1 síwájú èèyàn méjì ńkọ́? Bó bá kọ 1, tó fo 2, tó wá kọ 3? Bí èèyàn méjì bá ta ọ̀mì, kí la máa ṣe?

Ọwọ́ tí kálukú fi mú un yàtọ̀. Ní Australia, ẹni tó bá ń dìbò yan aṣojú sílé aṣòfin kékeré gbọ́dọ̀ to gbogbo olùdíje tán. Ní Papua New Guinea, mẹ́ta péré ni wọ́n ní kó tò, bí olùdíje tilẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gba ìbò tí wọn ò tò tán, kẹ́ ẹ kà á dé ibi tó bá dúró sí, nítorí ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún, bí ẹ bá fipá mú un, ńṣe ló máa kàn kọ nọ́ńbà tó bá wá sí i lọ́kàn.

Ẹ má fojú di ìbéèrè ọ̀mì. Mo wà níbi kíkà kan rí tí àwọn méjì ti dọ́gba nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ kúrò. Òfin ò sọ nǹkan kan. Bí a bá yọ ọ̀kan, ìbò tó bá fi sílẹ̀ máa gbé ẹnì kan wọlé. Bí a bá yọ ìkejì, ẹlòmíì ló máa wọlé. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ti ṣe ìṣirò yẹn tán lórí kí alága tó lanu, nítorí náà kò sí àbá kan tí ẹnikẹ́ni mú wá tí wọn ò mọ ẹni tó ń jà fún. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tá a fi jiyàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú òfin ni ì bá gbà wá: bí àwọn méjì bá dọ́gba nísàlẹ̀, kí ẹni tí ipò kìíní rẹ̀ kéré jù nígbà àkọ́kà kúrò, bí wọ́n bá tún dọ́gba níbẹ̀, kí wọ́n ṣẹ́ kèké.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ di àwọn ìwé ìbò ní ìdì-ìdì

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ìwé tí wọ́n tò bákan náà jọ, kẹ́ ẹ fi rọ́bà dì wọ́n. Ìdí ni pé gbogbo ọ̀nà ìkàwé tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, láti inú iye ìdì wọ̀nyẹn ni gbogbo wọn ti ń jáde. Bí ẹ bá ti mọ iye ìwé tó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní fọwọ́ kan bébà mọ́.

Ìdì mélòó ló lè wà? Bí olùdíje bá jẹ́ mẹ́ta, ẹni mẹ́ta ló lè gba ipò kìíní, ó ku méjì fún ipò kejì, ẹyọ kan fún ipò kẹta: 3 × 2 × 1 jẹ́ 6. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ó di 24. Márùn-ún, 120. Mẹ́fà, 720. Ẹ ti rí i pé ó ń yára ga. Bó ṣe máa ń rí gan-an ṣá, púpọ̀ nínú àwọn ìdì yẹn ni kò ní ní ìwé kankan nínú; nínú àpẹẹrẹ wa, mẹ́rin péré ló jáde nínú mẹ́fà. Kò sí ẹni tó kọ A, B, D, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ B, A, D. Àwọn tó fẹ́ A kò fẹ́ rí B, àwọn tó fẹ́ B náà kò fẹ́ rí A.

Kí èèyàn méjì tí wọn kì í ṣe ti olùdíje kan náà ka ìdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí iye wọn bára mu. Kẹ́ ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 40 + 35 + 17 + 8 = 100. Bí kò bá jẹ́ 100, ẹ dúró níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ipò kìíní nìkan

A ní 40, B ní 35, D ní 25 (17 àti 8). Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ẹnì kan ní ju ìdajì lọ. Ẹ pín àpapọ̀ sí méjì, ẹ gé ìdá tó bá ṣẹ́ kù (irú bí ìdajì) kúrò bó bá wà, ẹ fi 1 kún un. Fún ìbò 100, 51 ni. Fún ìbò 77, 39 ni. Bí ẹnì kan bá ti dé ibẹ̀, ẹ lè sinmi: lọ́pọ̀ ọ̀nà ìkàwé, òun náà ló máa wọlé.

Kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ nínú tiwa. Òfin kan tó wọ́pọ̀ gan-an, ìyẹn ẹni tó bá ṣáà ti ní jù, máa gbé A wọlé pẹ̀lú 40. Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ yẹ ìdì kejì àti ìkẹta wò: 35 + 17, ìyẹn èèyàn 52 nínú 100, ló fi A sípò ìkẹyìn. Ẹni tí ó ju ìdajì lọ kò fẹ́ rí sójú ni òfin yìí fi jẹ olórí. Ẹ tún wo D: kò sí ẹyọ ẹnì kan tó fi í sípò ìkẹyìn, síbẹ̀ òun ló gbẹ̀yìn nínú kíkà yìí.

Ohun mìíràn rèé tó ń bí àwọn olùdìbò nínú. Ká ní D kò jáde rárá. Àwọn 17 á lọ sọ́dọ̀ B, àwọn 8 á lọ sọ́dọ̀ A. B á ní 52, A á ní 48. D kò wọlé, D kò sì gba ohunkóhun, àmọ́ jíjáde tó jáde ló gba ipò lọ́wọ́ B tó fi lé A lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíyọ ẹni ìkẹyìn kúrò

Ọ̀nà yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ń lò jù nínú ìbò onípò tó jẹ́ ti ẹyọ ipò kan. Australia ti ń fi yan ọmọ ilé aṣòfin kékeré láti 1918. Ireland ń fi yan ààrẹ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Bí kò bá sí ẹni tó ní ju ìdajì lọ, ẹ yọ ẹni tó kéré jù. Ẹ mú ìdì rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìwé kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìwé yẹn, bí ẹni náà bá ṣì wà nínú ìdíje. Ẹ tún kà. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan á fi kọjá ìdajì.

D ló kéré jù pẹ̀lú 25. Ẹ yọ ọ́. Ìdì 17 sọ pé B ló kàn: B di 52. Ìdì 8 sọ pé A ló kàn: A di 48. B wọlé.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni ìwé tí wọn ò tò tán. Bí olùdíje tó kúrò bá jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí olùdìbò kọ, ìwé náà kú sójú ọ̀nà nìyẹn. Kò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, a sì máa yọ ọ́ nínú àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdajì wá di ìdajì èyí tó kù, kì í ṣe ìdajì gbogbo ìbò. Kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ wo ìbò Alaska, ní Amẹ́ríkà, ti oṣù kẹjọ 2022, nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò parí sáà aṣojú wọn tó kú. Nígbà tó ku àwọn mẹ́ta, Mary Peltola ní 75,799, Sarah Palin ní 58,973, Nick Begich ní 53,810. Wọ́n yọ Begich. Nínú ìbò rẹ̀, 27,053 lọ sọ́dọ̀ Palin, 15,467 lọ sọ́dọ̀ Peltola, 11,290 kú sójú ọ̀nà. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ máa rí 53,810 gẹ́lẹ́. Irú àyẹ̀wò yẹn ni kẹ́ ẹ máa ṣe ní gbogbo ìgbà tí ìbò bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Peltola parí pẹ̀lú 91,266, Palin pẹ̀lú 86,026. Nínú ìbò 177,292 tó kù, Peltola ní nǹkan bí ìdá 51.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 188,582 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku mẹ́ta, ìdá 48.4 ni. Ìṣirò méjèèjì tọ̀nà. Ẹ kọ èyí tí ẹ ń lò sínú òfin, kí ẹnì kan má baà dìde lọ́jọ́ kejì pé a parọ́ fún òun.

Ohun tó tún jẹ́ kí ìbò Alaska yẹn di ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń tọ́ka sí ni pé nígbà tí àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé ìbò jáde, ó hàn pé Begich, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yọ, ì bá na Peltola ká ní àwọn méjèèjì nìkan ló jọ dojú kọ ara wọn, ì bá sì na Palin náà. Ọ̀rọ̀ D wa gẹ́lẹ́ ni, bí ẹ ṣe máa rí i ní ìgbésẹ̀ tó kàn. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú Burlington, ní Vermont, ní 2009, àwọn ará ìlú sì dìbò fagi lé ọ̀nà ìdìbò náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi wọ́n wọ̀jà ní méjì-méjì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹ má baà rò pé mo ń dọ́gbọ́n tì yín síbẹ̀. Ẹ mú olùdíje méjì, kí ẹ gbàgbé àwọn yòókù, kí ẹ bi ìdì kọ̀ọ̀kan pé: nínú àwọn méjì yìí, ta lẹ kọ síwájú?

A pẹ̀lú B: ìdì 40 àti ìdì 8 gbé A ṣíwájú, 48. Ìdì 35 àti ìdì 17 gbé B ṣíwájú, 52. B na A.

A pẹ̀lú D: ìdì 40 nìkan ló gbé A ṣíwájú. Gbogbo ìyókù, 60, wà lẹ́yìn D. D na A.

B pẹ̀lú D: ìdì 35 nìkan ló wà pẹ̀lú B. Àwọn 65 fẹ́ D jù ú lọ. D na B.

D na gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló wọlé.

Iye ìjà tẹ́ ẹ máa kà: ẹ fi iye olùdíje sọ iye náà tó dín 1 di púpọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí méjì. Mẹ́ta ní ìjà 3, márùn-ún ní 10, mẹ́wàá ní 45. Bí olùdíje bá ti kọjá márùn-ún, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà; fífi ọwọ́ kà á máa ń rẹni, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ máa ń ṣì í kà. Àyẹ̀wò rẹ̀ ni pé nínú ìjà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 lápapọ̀, àyàfi bí ìwé kan kò bá dárúkọ ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

Èrò náà ti pẹ́. Ramon Llull, onímọ̀ ayé àtijọ́ kan ní Yúróòpù, ti kọ nípa fífi olùdíje wéra ní méjì-méjì ní ohun tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin (700) ọdún sẹ́yìn, àmọ́ Condorcet, ará Faransé, ló fi ìṣirò tú u palẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1785. Òun náà ló sì rí àbùkù rẹ̀.

Bí wọ́n bá ń na ara wọn yípo

Ẹ jẹ́ ká yí ìbò 100 náà padà:

Èèyàn 38 kọ A, B, D.
Èèyàn 34 kọ B, D, A.
Èèyàn 28 kọ D, A, B.

A na B ní 66 sí 34. B na D ní 72 sí 28. Ṣé A wá máa na D ni? Rárá o. D na A ní 62 sí 38. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ẹnì kan ò nà. Olùdìbò kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó ń ṣe, ìtò kálukú wọn sì gún régé. Ìgbà tí a pa wọ́n pọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì.

Kò yẹ kó yà yín lẹ́nu bó bá ṣẹlẹ̀, òfin yín ló yẹ kó ti múra sílẹ̀ dè é. Ọ̀nà kan tó rọrùn ni ti Nicolaus Tideman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tó gbé e jáde ní 1987. Ẹ to àwọn ìjà láti orí èyí tí ìṣẹ́gun rẹ̀ pọ̀ jù: B lórí D (72), A lórí B (66), D lórí A (62). Ẹ tì wọ́n pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè. B wà lókè D, a tì í pa. A wà lókè B, a tì í pa. Ó kan D lókè A, àmọ́ bí a bá gba ìyẹn, ó máa tako méjì tí a ti tì pa, nítorí náà a fò ó. Ó ku A, B, D. A wọlé. Àwọn tó ń ṣe Debian, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ yẹn, ń lo ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọ̀nà yìí, èyí tí Markus Schulze ṣe, láti yan olórí wọn.

Níwọ̀n ìgbà tí ìbò yìí ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi wo ohun kan tó burú nínú yíyọ ẹni ìkẹyìn. D ló kéré jù (28), ẹ yọ ọ́, ìbò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ A, A di 66, ó wọlé. Wàyí o, ká ní kó tó dọjọ́ ìbò, A sọ̀rọ̀ kan tó wọ àwọn 8 lára àwọn B létí, tí wọ́n fi gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí wọ́n kọ A, B, D. A wá ní 46, B ní 26, D ní 28. B ló kéré jù báyìí. Ẹ yọ ọ́; àwọn 26 yẹn kọ D tẹ̀ lé B. D di 54, A dúró sí 46. D wọlé! A rí ìbò kún ìbò, ó sì fìdí rẹmi nítorí rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì bí ẹ bá fẹ́, èmi náà kà á lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fífún ipò ní máàkì

Borda, ará Faransé míì tó jẹ́ ọmọ ogun ojú omi, gbé tirẹ̀ síwájú àwọn onímọ̀ ní Paris ní 1770. Bí olùdíje bá jẹ́ mẹ́ta, ipò kìíní ní máàkì 2, ipò kejì 1, ipò ìkẹyìn òfo. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, 3, 2, 1, òfo. Ẹ padà sí ìbò àkọ́kọ́ wa:

A: 40 × 2 = 80, pẹ̀lú 8 láti ìdì tó fi í sípò kejì, 88.
B: 35 × 2 = 70, pẹ̀lú 17, 87.
D: 25 × 2 = 50, pẹ̀lú 75 tí wọ́n fi í sípò kejì, 125.

Àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 300, nítorí ìwé kọ̀ọ̀kan ní máàkì 3 nínú. 88 + 87 + 125 = 300. D wọlé. Ní erékùṣù Nauru, wọ́n ń lo ẹ̀yà tiwọn: ipò kìíní jẹ́ 1, ipò kejì jẹ́ ìdajì, ipò kẹta jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ.

Ọ̀nà yìí dùn ún kà, ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Ibi tó ti rọ ni ọgbọ́n àrékérekè. Àwọn 40 tó fẹ́ A mọ̀ pé D ló ń dí wọn lọ́wọ́. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n á rì í mọ́lẹ̀. 20 lára wọn á kọ A, B, D dípò A, D, B. Máàkì 20 kúrò lọ́wọ́ D, ó di 105. Máàkì 20 náà bọ́ sọ́wọ́ B, ó di 107. A ṣì wà ní 88 rẹ̀. Ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé wọlé: B, ẹni tí wọ́n kórìíra jù. Bí àwọn 35 tó fẹ́ B náà bá ṣe irú rẹ̀ tí gbogbo àwọn 40 sì tẹ̀ lé e, A á ní 123, B 127, D 50. Ẹni tí gbogbo wọn ì bá gbà ló wá gbẹ̀yìn pátápátá.

Láàárín àwọn tí wọ́n fọkàn tán ara wọn, bí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yan àwòrán tó dára jù, mo lè gbà kí wọ́n lò ó. Níbi tí ipò bá ti ní agbára àti owó nínú, mi ò ní gbà.

Bí àga bá ju ẹyọ kan lọ

Ká ní ẹ fẹ́ yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ẹ nílò òṣùwọ̀n tí olùdíje gbọ́dọ̀ kún. Henry Droop ló dá a ní 1868: ẹ fi 1 kún iye àga, ẹ fi pín iye ìbò, ẹ gé ìdá tó bá ṣẹ́ kù kúrò, ẹ fi 1 kún èsì. Ìbò 100, àga 3: 100 pín sí 4 jẹ́ 25, òṣùwọ̀n jẹ́ 26. Ìdí tó fi jẹ́ 26 ni pé èèyàn mẹ́ta lè ní 26-26-26 (78), àmọ́ ẹni kẹrin kò lè rí 26 mú mọ́ nínú 22 tó kù.

Bí ẹnì kan bá ní 40, ó ti wọlé, ó sì ní àṣẹ́kù 14. Èwo nínú ìwé 40 yẹn ni àṣẹ́kù? Gbogbo wọn ni. Ẹ fi 40 pín 14, ó jẹ́ 0.35; ìwé kọ̀ọ̀kan á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn lórí rẹ̀ pẹ̀lú agbára 0.35. Bí 30 lára wọn bá kọ B tẹ̀ lé e, B gba 10.5, bí 10 bá kọ D, D gba 3.5. Ó pé 14. Bí kò bá sí àṣẹ́kù mọ́ tí àga ṣì ṣófo, ẹ yọ ẹni ìkẹyìn bí a ṣe ṣe lókè. Irú ọ̀nà yìí ni Ireland àti Malta fi ń yan ilé aṣòfin wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń pín àṣẹ́kù yàtọ̀ sí èyí. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ nìkan ka èyí bí ìwé bá lé ní igba.

Ìgbésẹ̀ keje: èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ẹ má wá èyí tí kò ní àbùkù. Kenneth Arrow, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ti fi ìṣirò hàn ní 1951 pé bí olùdíje bá ti tó mẹ́ta, kò sí ọ̀nà pípa ìtò àwọn èèyàn pọ̀ tó lè ṣe nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀ láìsí pé ẹnì kan ṣoṣo ń pàṣẹ lé gbogbo wọn lórí: kó máa gbé èsì tó yanjú jáde nígbà gbogbo, kó gbé ẹni tí gbogbo èèyàn fẹ́ jù ẹnì kejì lọ ṣíwájú ẹni náà, kó má sì jẹ́ kí ẹni kẹta yí ìdájọ́ láàárín àwọn méjì padà. Gibbard ní 1973 àti Satterthwaite ní 1975 fi hàn pé kò sí èyí tí àrékérekè ò lè wọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà àti ẹni kan tó mọ Excel lò, ẹ lo méjì-méjì, pẹ̀lú ọ̀nà Tideman fún ìgbà tó bá pòyì. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ kà á níwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n máa rí bí ìdì ṣe ń ti ibì kan lọ síbòmíì, yíyọ ẹni ìkẹyìn ló máa yé wọn jù, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa rẹ̀. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, lọ́jọ́ tí ẹ bá kéde èsì, ẹ má kéde orúkọ olùborí nìkan. Ẹ lẹ iye ìdì kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri, bí mo ṣe kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀: 40, 35, 17, 8. Kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn mú bírò, kó jókòó, kó kà á fúnra rẹ̀.